Ìlà Kan Níwájú Orí Dorsaf

El Attaya, Erékùṣù Kerkennah
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹwàá, 1998

Naziha ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àjò, mo sì kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé ara le? Ṣé òtútù ìlú Genoa kò tíì bẹ̀rẹ̀? Àwa níbí, a dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi Khadouja ní kí n kí ọ. Ó ní orúnkún òun ti ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, àmọ́ ẹnu òun ṣì mú. Kò sí aládùúgbò tí kò mọ èyí tẹ́lẹ̀.

Àsìkò ẹja ọlọ́wọ́-mẹ́jọ ti dé. Mo ti ri àwọn ìkòkò tí mo fi ń mú un sínú omi, mo sì ti tún ọgbà imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ń darí ẹja sínú ìgèrè ṣe. Dorsaf máa ń bá mi lọ ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé ìwé. Ọdún kẹta rèé tí baba rẹ̀ ti kú tí o sì fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, orí rẹ̀ sì ti kọjá ìbàdí mi. O mọ omi wa, kò jìn. Èèyàn á rìn títí ilé á fi kéré bí èso lẹ́yìn rẹ̀, omi á ṣì wà ní orúnkún. Ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu bá bolẹ̀, a kì í mọ ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run fi bẹ̀rẹ̀. Nínú funfun yẹn ni ọmọ rẹ ti máa ń lọ sí ibi tirẹ̀. Á dákẹ́ ní àárín ọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀, á máa wo ohun tí èmi kò rí. Bí mo bá pè é, kò ní dáhùn. Kí n tó ka ogún, á ti padà dé, á ní kí n fún òun lómi, á wá máa bá ìtàn lọ láti ibi tí kò dá a dúró sí. Tíṣà rẹ̀ ní ọmọ náà ń lajú sùn ní kíláàsì. Mo ní ọmọ etí òkun ni. Ìyá rẹ náà, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, a máa wo òkun bẹ́ẹ̀.

Àwòrán tí wọ́n yà fún un ní ilé ìwé wà nínú ìwé yìí. Fi tìrẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú. Khadouja sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, kì í ṣe irú èyí tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, tó ní ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ eṣinṣin.

Èmi ni baba rẹ,
Mokhtar


Genoa
Ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, 1998

Baba mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Khadouja. Ẹ jẹ́ kí kíkí mọ síbẹ̀.

Mo rí àwòrán náà. Mo gbé e lọ sí ojú fèrèsé, mo tún gbé e padà sábẹ́ iná. Ìlà kan wà níwájú orí ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ láti inú irun, ó sọ̀kalẹ̀ tààrà dé irun ojú òsì, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ fà á. Níbi tó ti wọ inú irun, irun kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹnì kan ti ya irun tó kù bò ó kí n má baà rí i.

Baba, ta ló na ọmọ mi? Àbí ó ṣubú lórí àpáta, tí ẹ sì fi pa mọ́ fún mi? Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ikùn mi ni n ó sọ. Ṣé ẹ̀yin ni? Mo rántí okùn àwọ̀n tó máa ń rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ẹ ti dàgbà, pé ọwọ́ yín ti rọ̀. Àmọ́ okùn yẹn ló kọ́kọ́ wá sí mi lójú nígbà tí mo rí ìlà náà.

Ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, Màmá Adelina, gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Ta ló ya ọ̀nà sí ojú ọmọdé?" Orí rẹ̀ kò pé mọ́, ẹ mọ̀. Síbẹ̀ mo lọ sí ilé ìdáná lọ sunkún.

Ẹ fún mi lésì kíákíá.

Naziha


El Attaya
Ọjọ́ 26, oṣù Kọkànlá, 1998

Naziha,

Ìwé rẹ dé. Orí omi ni mo ti kà á, kí Khadouja má baà rí ojú mi.

N kò na Dorsaf rí. Kò sẹ́ni tó nà án. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni ohun náà bẹ̀rẹ̀: àbàwọ́n kékeré kan, àwọ̀ rẹ̀ bí inú ìkarahun. Ó ń gùn díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wá ọ̀nà lórí iyanrìn. Awọ ibẹ̀ le, ó sì ń dán bí ìda àbẹ́là. Nọ́ọ̀sì tó máa ń wá ní ọjọ́ Ajé fún wa ní ìpara. Khadouja ń fi òróró ólífì pa á, ó ń sun tùràrí, ó ní ojú burúkú ni. Èmi kò sọ fún ọ nítorí mo mọ̀ ọ́. Wàá já iṣẹ́ sílẹ̀, wàá wọkọ̀, wọn kò sì ní jẹ́ kí o padà wọ ìlú wọn láìní ìwé ìgbélùú.

Ní ti okùn, òótọ́ ni. Mo lù ọ́. Ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ ni mo sun okùn náà. N kò sọ ọ́, nítorí n kò mọ bí baba ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ.

Bó bá jẹ́ pé èmi ni o rí nígbà tí o rí ojú ọmọ yẹn, n kò mọ ohun tí mo tún lè kọ.

Mokhtar


Genoa
Ọjọ́ 20, oṣù Kejìlá, 1998

Baba mi,

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kí Ọlọ́run gbà á fún wa. Ẹ bínú sí mi bó ṣe tọ́, àmọ́ ẹ ka ìwé yìí dé ìparí kí ẹ tó bínú.

Dókítà tó máa ń wo Màmá Adelina wá ní àná. Mo fi àwòrán náà hàn án, mo fẹ́ kó bá mi sọ irú ohun tó lè gé ọmọ báyẹn. Ó wò ó pẹ́. Ó ní kì í ṣe ọgbẹ́. Ó ní àrùn kan wà tó ń mú awọ le, pé nígbà tó bá mú orí ọmọdé, ó lè má dúró lórí awọ. Ó lè gba abẹ́ ìlà yẹn wọ ọpọlọ lọ. Ó wá béèrè bóyá orí máa ń fọ́ ọ. Mo ní n kò mọ̀. Ó béèrè bóyá ọmọ náà máa ń dákẹ́ ní àárín ọ̀rọ̀, kí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kó má dáhùn.

Baba, àga ni mo dì mú. Ohun tí ẹ kọ nínú oṣù Kẹwàá gan-an ló ń kà jáde lẹ́nu. Ohun tí ẹ pè ní wíwo òkun, ó ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gìrì, gìrì kékeré tí kì í bi èèyàn ṣubú. Ó ní ọ̀kan lára wọn lè di ńlá ní ọjọ́ kan.

Ẹ gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Sfax, sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ má dúró de ọjọ́ Ìtúnu. Ẹ má jẹ́ kó wọ inú omi pẹ̀lú yín títí wọ́n á fi rí i. Mo mọ̀ báyìí pé ẹ kò fọwọ́ kàn án. Mo kúnlẹ̀, ẹ dárí jì mí.

Naziha


Genoa
Ọjọ́ 21, oṣù Kínní, 1999

Baba mi,

Ọdún ti lọ, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo pe tẹlifóònù ṣọ́ọ̀bù Ridha lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ara yín le, pé òun rán ọmọ sí yín, pé ẹ ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín. Mo bi í nípa Dorsaf. Ó ní òun rí i tó ń ra súìtì.

Nínú oorun mi, mo fi ẹsẹ̀ rìn láti etí òkun ibí wá sílé. Omi kò kọjá orúnkún mi ní gbogbo ọ̀nà. Mo ń rí imọ̀ ọ̀pẹ tó tò lórí omi, mo ń rí ẹ̀yìn yín nínú ọkọ̀, mo ń pè yín, ẹ kò yíjú padà.

Ẹ kọ ìlà kan péré. Bó bá jẹ́ èébú ni, ẹ kọ ọ́.

Naziha


Sfax
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, 1999

Naziha, ọmọ tí mo bí,

Ọmọ rẹ wà láàyè. Mo fi èyí ṣáájú kíkí, kí o lè jókòó ka ìyókù.

Ìwé tí o kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ dé ọwọ́ mi ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kínní. N kò ṣí i. Mo ní ẹ̀sùn mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Mo fi sí àpò ẹ̀wù tí mo fi ń lọ sókun, mo ń gbé e kiri bí èèyàn ṣe ń gbé ẹ̀gún kiri nínú ẹsẹ̀. Nígbà tí o pe Ridha, mo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo gbọ́ bí tẹlifóònù náà ṣe ń dún. Ìgbéraga baba ni. N kò ní fi orúkọ mìíràn pè é.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, a jọ lọ wo ìgèrè. Omi dákẹ́, ìkùukùu pọ̀, òun ló ń ka àwọn ìkòkò fún mi bí mo ṣe ń fà wọ́n sókè. Ó dé orí mẹ́sàn-án, ó dákẹ́. Mo dúró dè é bí mo ti máa ń ṣe. Mo ka ogún. Mo ka ogójì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yí kúrò nínú ọkọ̀ sínú omi láìṣe ariwo, bí ìgbà tí aṣọ yọ̀ kúrò lórí okùn. Omi kò ju ìbàdí mi lọ. Omi ìbàdí ti tó fún ọmọdé tí kò mọ̀ pé omi ni òun wà. Mo bẹ́ sí i. Mo gbé e lé èjìká, ó ń jà lórí mi bí ẹja, n kò sì mọ iye ìgbà tí mo ṣubú kí n tó dé iyanrìn. Ridha fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé wa dé ibi tí ọkọ̀ òkun ti ń gbéra lọ sí Sfax. Olórí ọkọ̀ kò dúró kó kún.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, gìrì náà sì dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rí ìlà iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn èèyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bi mí pé ta ló gé e. Mo mọ ohun tí wọ́n ń rò. Ohun tí ìwọ náà rò ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú ẹ̀wù tútù, mo ronú pé bóyá èèyàn tó ti lu ọmọ rí, àpá rẹ̀ máa ń hàn lójú rẹ̀ títí.

Dókítà obìnrin kan ló wá, Mouna Ghribi ni orúkọ rẹ̀, kò ju ọjọ́ orí rẹ lọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé orí yín sókè, Bàbá. Kò sẹ́ni tó gé ọmọ yìí."

Ó ní àwọn Faransé ń pe àrùn náà ní ọgbẹ́ idà, nítorí bó ṣe rí, àmọ́ kò sí idà, kò sì sí ọwọ́ tó gbé e. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, tó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ara ọmọ náà, ló ṣìnà, tí wọ́n ń bá ilé ara wọn jà. Kì í ràn. Kì í ṣe ojú burúkú. Wọ́n wá gbé e sínú ẹ̀rọ kan tó ń kígbe bí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń la pákó, ẹ̀rọ náà ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà fi hàn mí. Àmì funfun mélòó kan wà nínú ọpọlọ ní apá òsì, abẹ́ ìlà náà gan-an, bí ìràwọ̀ tí ìkùukùu bò. Ó ní láti ibẹ̀ ni gbogbo dídákẹ́ yẹn ti ń wá, àti ẹ̀fọ́rí tí ọmọ náà kò sọ fún wa, tó rò pé bí orí gbogbo èèyàn ṣe ń rí nìyẹn.

Ìgbà náà ni mo rántí ìwé rẹ. Mo yọ ọ́ nínú àpò, omi òkun ti wọ inú rẹ̀, yíǹkì ti ṣàn. Dókítà bá mi tú u, ó ka ohun tó kù. Ó béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni ìwé yìí dé ọwọ́ yín?" Mo sọ fún un. Ó pa ìwé náà pọ̀ dáadáa, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

N kò lè sọ pé kí o dárí jì mí. Mo kàn ń sọ fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Baba rẹ,
Mokhtar


Genoa
Ọjọ́ 24, oṣù Kejì, 1999

Baba mi,

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti ka ìwé yín, n kò lè dé yàrá. Ẹnì kan fẹ́ kọjá, ó ní kí n dìde, n kò gbọ́. Òun náà jókòó tì mí títí mo fi kà á tán.

Mo fi àpá sí yín lójú, ẹ̀yin náà fi ìwé mi sínú àpò. Ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ bẹ́ sínú omi, èmi kò sí níbẹ̀.

Ẹ sọ fún mi ohun tí wọ́n ń fún un, bó ṣe ń jẹun, bó ṣe ń sùn. Ṣé ìlà náà á pòórá? Ọmọ Màmá Adelina ti fọwọ́ sí ìwé ìgbélùú mi, wọ́n ní kí n dúró di oṣù Kẹfà. Bí mo bá jáde ṣáájú ìgbà náà, wọ́n lè má jẹ́ kí n wọlé mọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ní kí n wá, n ó dìde níbi tí mo jókòó sí.

Naziha


El Attaya
Ọjọ́ 28, oṣù Kẹta, 1999

Naziha ọmọ mi,

A kú ọdún Iléyá. Má wá. Mo sọ ọ́ ní gbangba kí ọkàn rẹ lè balẹ̀.

A ti padà sílé. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé ni nọ́ọ̀sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí àwọn ọmọ ogun yẹn rọ̀. Á bì lọ́jọ́ náà, á sùn lórí ẹsẹ̀ Khadouja, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti máa béèrè búrẹ́dì. Oògùn gìrì wà ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Òmíràn tún wà tó mú ojú rẹ̀ wú rìbìtì, àwọn ọmọ ilé ìwé sì sọ ọ́ ní Ojú Òṣùpá. Ó da yíǹkì sórí ọ̀kan nínú wọn. Mo lọ bẹ tíṣà, àmọ́ n kò bá a wí. Ìlà náà kò ní pòórá, dókítà kò purọ́ fún wa. Iṣẹ́ oògùn ni pé kó má gùn sí i, kí àmì inú ọpọlọ náà má pọ̀ sí i. Wọ́n á tún ya àwòrán náà ní oṣù Keje.

Àwọn kan ní àdúgbò ń pè é ní wárápá, wọ́n ní kò ní rí ọkọ fẹ́. Khadouja jáde sí wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí ẹni tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá sàn ju Dorsaf lọ mú un wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sẹ́ni tó mú tirẹ̀ wá.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò tíì dákẹ́ sí wa lọ́wọ́. Mo ṣì máa ń kà nínú ara mi nígbàkígbà tó bá sinmi láti mí.

Ó kọ ìwé tirẹ̀ sí ọ. Ó lẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní kí n má kà á. N kò kà á.

Baba rẹ,
Mokhtar


Màmá mi,

Ẹ kú ọdún. Ṣé dáadáa lẹ wà? Bàbá àgbà ní kí n kọ ohun tó bá wù mí.

Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí tutù, ó sì ń pariwo, mi ò sunkún. Ojú mi ti tóbi. Bí ẹ bá rí mi, ẹ lè má dá mi mọ̀, àmọ́ ìlà mi ṣì wà, ẹ fi dá mi mọ̀.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún dókítà. Ibi tí mo máa ń lọ nígbà tí mo bá dákẹ́, ẹ̀yin ni mo máa ń gbọ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ o. Ohùn yín ni, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì tí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Mo máa ń fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, ìdí tí mi ò fi ń dá Bàbá àgbà lóhùn nìyẹn. Dókítà ní àìsàn ni. Mo gbà. Láti ìgbà tí oògùn ti ń ṣiṣẹ́, mi ò lọ síbẹ̀ mọ́. Gbogbo wọn ń dúpẹ́, èmi náà ń dúpẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo fi oògùn náà pamọ́ sábẹ́ ahọ́n mi. Mo fẹ́ lọ tu ú sẹ́yìn ilé, kí n lè lọ gbọ́ yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tó yá mo gbé e mì. Àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá mo máa gbé e mì ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ má sọ fún Bàbá àgbà. Ó ti rẹ̀ ẹ́.

Dorsaf


Genoa
Ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin, 1999

Dorsaf, ọmọ mi àtàtà,

Gbé oògùn náà mì. Ní àárọ̀, gbé e mì. Ní ìrọ̀lẹ́, gbé e mì. Bí ó bá korò, fi oyin tẹ̀lé e.

Mo ka ìwé rẹ, mo sì ká aṣọ mi. Ọmọ Màmá Adelina sọ fún mi pé ó ku oṣù méjì péré kí ìwé ìgbélùú mi jáde, pé òmùgọ̀ nìkan ló ń kúrò lórí ìlà tó tò sí nígbà tó kàn án. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìyá rẹ̀ lé obìnrin ará Peru kan lọ́wọ́, obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Màmá Adelina wo báàgì mi, ó béèrè ibi tí mò ń lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni. Ó ní, "O ti pẹ́ jù," ó sì yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ọkọ̀ òkun máa gbéra lọ sí Tunis. N kò mọ̀ bóyá wọ́n á jẹ́ kí n wọ ìlú yìí mọ́. Mo ti rò ó, mo ti rò ó tán.

Ohun tí mò ń sọ nínú yàrá kejì yẹn, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí n wá jókòó sí yàrá tí ìwọ wà. Béèrè ohunkóhun tó bá wù ọ́, n ó sì dáhùn, àní bí ó bá jẹ́ ìbéèrè kan náà ní ìgbà ogún.

Sọ fún Bàbá àgbà kó má jókòó kọ̀wé pé kí n má wá. Kò sẹ́ni tó máa gbà á níbí.

Ìyá rẹ,
Naziha